Dúrọ́ọ̀mù Kan, Ilé Mẹ́fà

Orí oníbàárà kan wà láàárín orúnkún mi nígbà tí ìpè yẹn wọlé. Mo ti di apá ọ̀tún tán, apá òsì ṣì rí bí igbó, ìpara sì kún ọwọ́ mi dé ọrùn-ọwọ́. Abẹ́ agbòòrùn ńlá kan ní Tina Junction ni mo ti ń dirí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní Jos, agbòòrùn yẹn kì í gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òtútù, nítorí náà èmi àti oníbàárà la jọ máa ń wọ súẹ́tà.

Fóònù mi ń dún nínú báàgì, mo ní kó máa dún lọ. Oníbàárà yìí, ọmọ yunifásítì kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló yọ ọ́ jáde, tó gbé e lé mi létí bí ẹni ń gbé ọmọ lé ọmú. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́jẹ́. Ó pe orúkọ mi, ó pe ti bàbá mi mọ́ ọn, ó ní mo wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ dán wò fún iṣẹ́ ọlidé gígùn, kí n wá sí ọ́fíìsì àwọn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí n wọ bàtà tó ṣeé rìn. Mo ń dáhùn "yẹ́ẹ̀sì mà, yẹ́ẹ̀sì mà" títí ó fi pa fóònù.

"Kí ni wọ́n wí?" oníbàárà bi mí.

"Wọ́n ní kí n wọ bàtà tó ṣeé rìn."

"Bàtà wo ni kò ṣeé rìn?"

"Èyí tí mo ní."

Òun gan-an ló fà á. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, nígbà tó wá dirí, ó ń ka ìkéde kan lórí fóònù rẹ̀. Àjọ kan tó ń tọ́jú àyíká ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà ọlidé, kí wọ́n kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbowó lóṣooṣù. Àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ àyè sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé àdúgbò, tí wọ́n ní ìwé mẹ́wàá. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ní ìwé mẹ́wàá?" Mo ní mo ní. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kún fọ́ọ̀mù nìyẹn. Ó ń bi mí, mo ń dáhùn, mo sì ń dirí lọ.

A dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìrírí tí mo ní nínú ẹnfaírọ́mẹ́ntà. Mo ní, "Haba, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ṣe é." Ó gbé orí sókè. Mo ṣàlàyé fún un pé gbogbo Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni ilé wa máa ń kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì jáde, tí a máa ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, tí a ó sì jókòó síbẹ̀ títí aago mẹ́wàá, torí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde. Ẹnfaírọ́mẹ́ntà tí mo mọ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ó tún ní òmíràn. Ó rẹ́rìn-ín títí ìyarun fi bọ́ lọ́wọ́ mi, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, ẹni tí èèyàn bá pa lẹ́rìn-ín kì í tètè gbàgbé èèyàn.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn débi tí ojú fi ń tì mí. Ọdún tí mo jáde ìwé mẹ́wàá ni mo lóyún. Bàbá ọmọ mi wà ní Kàdúná pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. A ò jà, bí ọdún bá dé ó máa ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ó tán. Láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọn ò bá pè mí ní ìyá ọmọ, wọ́n á pè mí ní Àǹtí Onídìrí. Nígbà tí obìnrin yẹn pe orúkọ mi lórí fóònù, ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Ẹni tí ó pè yẹn ni mo fẹ́ jẹ́, ìbáà ṣe fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń gbé ní àdúgbò Àpáta. Ará Ìlọrin ni ìyá mi. Ó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà níwájú ilé láràárọ̀. Torí pé Jos la wà, kòsé ni gbogbo ayé ń pe àkàrà, wọ́n sì ń pe ìyá mi ní Ìyá Oníkòsé. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pè mí, mo sọ fún un. Ó kọ́kọ́ ṣan ìpọnkọ ọwọ́ rẹ̀ ná.

"Iṣẹ́ kí ni wọ́n pè é?"

"Iṣẹ́ àyíká ni, Mọ́mì. Ẹnfaírọ́mẹ́ntà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Wolé-wolé."

"Kì í ṣe wolé-wolé."

"Ẹ ò ní wọlé onílé ni?"

"A máa wọlé."

"Ẹ ò ní wo ilé ọ̀hún?"

"A máa wò ó."

"Kí lo wá ń pè é?"

Mo gba ìpọnkọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ gbé e kọ́.

Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Ní òpópó wa, èèyàn lè má bẹ̀rù sójà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rù wolé-wolé. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀mù ìdalẹ̀sí tó ní ìdérí, ilé tí kò bá ní, kóòtù ló ń lọ. Ilé mẹ́fà la wà lórí ìlà, gọ́tà kan náà ni gbogbo wa kọjú sí. Dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà. Aláwọ̀ búlúù ni, ti ìyá mi ni, owó kòsé ló fi rà á.

Bí wolé-wolé bá yọ lókè ọ̀nà, dúrọ́ọ̀mù á ti wà ní ilé kìn-ín-ní. Bí wọ́n bá wò ó tán, tí wọ́n ń kọ̀wé, a ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ògiri ti ya, lọ sí ilé kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé ilé wa tó wà ní ìkẹfà. Èmi náà ti yí i rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́. Wọ́n kàn máa ń sọ pé, "Ẹ rán dúrọ́ọ̀mù lọ."

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo yá bàtà ọmọ yunifásítì yẹn. Ó gùn jù mí lọ díẹ̀, mo fi bébà há a níwájú. Ní ọ́fíìsì, wọ́n pín wa kiri àdúgbò. Wọ́n fún kálukú ní fọ́ọ̀mù kan àti ọ̀gá kan tí yóò máa wò ó. Ilé mẹ́fà ni a ó wọ̀, a ó béèrè ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, a ó sì kọ ohun tí a bá rí. Ọ̀gá tí wọ́n fún mi ni obìnrin tó pè mí lórí fóònù. Ó wo fọ́ọ̀mù tí mo kún tẹ́lẹ̀, ó ní, "O kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àpáta lò ń gbé, a ó lọ sí Àpáta." Ó wá dárúkọ òpópó wa.

Ó yẹ kí n sọ fún un nígbà yẹn pé ilé wa wà níbẹ̀. Mi ò sọ. Ẹ̀rù bà mí pé yóò fún ẹlòmíràn.

Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó ń dán lójú oòrùn, bíi ti wolé-wolé, ni ọ̀gá mi wọ̀. A ò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tán tí mo fi gbọ́ tí ẹnìkan fi súfèé lẹ́yìn ògiri. Mo mọ ohun tí súfèé yẹn ń sọ.

Ilé Alfa ni ilé kìn-ín-ní. Ará Ìlọrin bíi tiwa ni, ó ń ta fìlà ní ọjà Terminus, òun ló sì ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ mi. Ó yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó kí wa káàbọ̀, ó ní, "Sannunku da zuwa." Èmi náà dá a lóhùn ní Hausa bí àlejò. Dúrọ́ọ̀mù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ní i?" mo bi í.

"Wálláhì, ó ti pẹ́. A ti jọ ń gbé tipẹ́."

Mo kọ "ó wà." Ilé kejì, ó wà. Nígbà tí a dé ilé kẹta, dúrọ́ọ̀mù ṣì ń mì. Ilé tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Èkìtì. Òun ló kọ́ mi ní ìwé mẹ́fà. Ó dúró síwájú dúrọ́ọ̀mù bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí ó jọ̀wọ́ ṣí i. Èèpo ẹ̀wà ló kún inú rẹ̀.

"Ṣé kòsé lẹ ń dín ni, sà?" ọ̀gá mi bi í.

Tíṣà wo inú dúrọ́ọ̀mù. "Ó máa ń wù mí jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mà," ó ní.

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń wo ògiri. Bí mo bá rí ojú tíṣà nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ á ti bàjẹ́.

Ká sọ pé bó ṣe ń lọ nìyẹn ni, yóò ti dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi dúró ní ojú ọ̀nà, ó gbé imú sókè. "Níbo ni òórùn yẹn ti ń wá? Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀."

"Ilé kẹrin ló kàn, mà."

"A ó padà sí i." Ó ti ń lọ. Ó kọjá ilé kẹrin, ó kọjá ilé karùn-ún, ó forí lé ìsàlẹ̀, níbi tí èéfín ìyá mi wà. Mo ń gbọ́ dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ògiri, gbirigbiri, ó ń lọ sí ilé kẹrin jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀.

Ìyá mi rí wa. Ó rí mi ní pàtàkì. Ó fún ọ̀gá ní àpótí jókòó, ó fi kòsé márùn-ún sínú bébà, ọ̀gá jẹ méjì, ó wá ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ní kí n bi í.

Mo dúró níwájú ìyá mi pẹ̀lú báírò lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Jọ̀wọ́, níbo lẹ ń da ilẹ̀ sí?"

Ó wò mí láti orí dé bàtà. "Inú dúrọ́ọ̀mù."

"Níbo ni dúrọ́ọ̀mù náà wà, mà?"

"Ó jáde."

Ọ̀gá dáwọ́ jíjẹ dúró. "Dúrọ́ọ̀mù ló jáde?"

"Ó máa tó dé," ìyá mi wí, ó sì yí kòsé inú epo padà.

Ó yẹ kó pa mí lẹ́rìn-ín, kò pa mí. Mo wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ mi. Bí mo bá kọ ohun tí ojú wa rí, ilé mẹ́ta ti ní, méjì tó kù náà á ní, ilé kan ṣoṣo tí kò ní lórí gbogbo ìlà á wá jẹ́ ti obìnrin kan ṣoṣo tó ra dúrọ́ọ̀mù. Bí mo bá sì sọ òtítọ́, mo ti tú àṣírí Alfa àti tíṣà, wọ́n sì lè sọ pé ọmọ irú ilé báyìí kò ṣeé fi ṣiṣẹ́ kankan. Epo ń hó. Ìyá mi kò wo ojú mi mọ́.

Mo yí fọ́ọ̀mù sẹ́yìn, níbi tí kò sí ìbéèrè. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, pé dúrọ́ọ̀mù kan ló wà nínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pé ti ìyá mi ni, pé ẹ̀rù ló ń gbé e kiri. Mo kọ ọ́ pé kódà bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ra tirẹ̀, yóò kún ni, torí pé ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wọ òpópó wa, ó ń dúró ní títì ni, inú gọ́tà sì ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Èyí tí à ń kó jáde ní Sátidé ìparí oṣù, àwa náà la dà á síbẹ̀. Ìlà yẹn dùn mí láti kọ. Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá gba bébà, ó kà á, ó wo ìyá mi, ó tún wò mí.

"Ìyá rẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mo bẹ̀rù pé ẹ máa mú mi kúrò níbí, mà."

"Gbogbo àwọn èèyàn yìí purọ́ fún ọ, o sì mọ̀."

"Kì í ṣe èmi ni wọ́n purọ́ fún, mà. Wolé-wolé ni wọ́n purọ́ fún."

Ó bojú wo jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Ó bi mí pé ibo gan-an ni ọkọ̀ akólẹ̀ ń dúró sí, mo fi hàn án. Ó fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà láti ilé wa dé títì, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó sọ fún ìyá mi ní Hausa pé kòsé rẹ̀ dára, pé ní Zawan níbi tí wọ́n bí òun sí, agbọ̀n ìdalẹ̀sí ni wọ́n máa ń gbé kiri fún wolé-wolé ní tiwọn. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Sí èmi, gbogbo ohun tó sọ ni pé, "A ó pè ọ́."

Wọn ò pè mí fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ló fi ń ránṣẹ́ sí mi, inú yàrá kan náà la sì wà. Hausa dùn lẹ́nu ọmọ yẹn ju Yorùbá lọ, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an kì í sì í dé bí wọ́n ṣe rán an. Ìyá mi á ní, "Sọ fún wolé-wolé pé omi rẹ̀ ti hó." Ọmọ á yíjú sí mi, á ní, "Mama, Kaka ní ruwa ti hó." Kaka ló ń pe ìyá àgbà rẹ̀. Èmi náà á ní kó sọ fún Kaka pé mo dúpẹ́.

Alfa ń kí mi bí ẹni ń kí gómìnà, ó ń tẹrí ba, ó ń pè mí ní Ọnọ́rébù. Tíṣà ní tirẹ̀ kò bínú. Ó kàn dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó bi mí bóyá mo fi àmì ìdánudúró sí i bó ṣe yẹ.

Ọjọ́rú ni mo dá ìyá mi dúró nídìí ẹ̀wà tó ń bó. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó má bínú pé mo kọ ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù.

"Ta ló ń sọ ti dúrọ́ọ̀mù?" Ó ń bó ẹ̀wà lọ. "O dúró síwájú mi, o pè mí ní 'mà.' Lójú àlejò. Bí ẹni tí kò mọ ibi tó ti jáde wá."

Mo fa àpótí kan, mo bá a bó ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà wọlé sórí fóònù mi. Wọ́n ti gbà mí. Ọjọ́ Ajé ni mo ń bẹ̀rẹ̀, Zawan ni wọ́n gbé mi sí, ní àgbègbè àwọn kòtò àtijọ́ tí wọ́n ti wa kùsà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe agolo, tí omi ti kún, tí àwọn èèyàn ń da ilẹ̀ sí. Orúkọ mi wà lókè lẹ́tà náà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó sọ fún ìyá mi.

Ó bi mí fúnra rẹ̀, kò rán ọmọ. "Ṣé wọ́n á wá mú Alfa?"

"Rárá, Mọ́mì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akólẹ̀ làwọn máa kọ̀wé lé lórí."

"To, ó dáa," ó ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lọ wá ọ̀kan nínú àwọn súẹ́tà rẹ̀ tó nípọn, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ọmọ mi ń wò wá. Nígbà tó ku èmi àti òun, ó bi mí, láìfi "ẹ" kankan sí i, bí Yorùbá rẹ̀ ṣe rí, "Mama, ṣé torí o fẹjọ́ Kaka sùn ni wọ́n fi gbà ọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ mi, mo sọ fún un pé ó wà lára rẹ̀. Mo ní ohun tí mo rí ni mo kọ, Kaka sì wà nínú ohun tí mo rí. Mo ní ibi tí mo ti ṣe é burú ni pé mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ Kaka, mi ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ níwájú ta ni. Mo ní èmi ń lọ lọ́jọ́ Ajé, òun àti Kaka ni yóò jọ máa wà nílé, kó máa jẹun bí wọ́n bá fún un, bí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì bá sì tún rán an sí ẹnì kejì, kó ní òun ò jẹ́ iṣẹ́ náà, ká lọ sọ ọ́ fúnra wa.